Kòkòrò Rere Tí Mo Sè

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé iṣẹ́ ń lọ ní ilé àyẹ̀wò yín? Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí ìgò fọ́ mọ́ ọ lọ́wọ́. Ìyá rẹ ń kí ọ. Èmi bàbá rẹ náà wà, èmi tí mo fi ilé ìwé sílẹ̀ ní kíláàsì kẹta, tí mo sì tún gbọ́n ju tíṣà lọ, ara mi ṣì le koko.

Ìgò kòkòrò rere tó o fi ránṣẹ́ dé. O ní wọ́n máa ń ṣe purotéènì kan tó ń pa ebu lára ọsàn, pé kí n pò ó mọ́ omi, kí n ri ọsàn bọ inú ẹ̀. Mo gbé ìgò sétí, n ò gbọ́ kí nǹkan kan rìn. Nọ́ọ̀sì sì ti kìlọ̀ fún wa pé omi tó bá ti ní kòkòrò, sísè ni. Ni mo bá pò ó mọ́ omi, mo sè é, ó hó yaya.

Nígbà tó o gbọ́ lórí fóònù, o figbe ta pé mo ti pa wọ́n tán, pé kí n dà á nù. N ò dà á! Ṣebí o mọ ẹ̀gbọ́n mi, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Mo-mọ̀-ọ́n-tán? Ó ti gbé ayùn ti ìdí ọsàn. Ó ní ilẹ̀ bàbá àwa méjèèjì ni, bí ọsàn bá tún bu kí oníbàárà tó dé, gígé ni, igi tí èmi àti ìyá rẹ gbìn lọ́dún tá a bí ọ! Mo ní kó lọ jókòó. Nígbà tí omi náà tutù, mo ri ọsàn apẹ̀rẹ̀ mẹ́fà bọ inú ẹ̀, mo fi apẹ̀rẹ̀ kan sílẹ̀ láìrì, kó lè fojú ara ẹ̀ rí i.

Lọ́jọ́ kẹsàn-án, oníbàárà dé. Apẹ̀rẹ̀ tí a ò rì ti hu irun funfun bí irùngbọ̀n ẹ̀gbọ́n mi. Nínú mẹ́fà yòókù, ọsàn mẹ́rin péré ló bàjẹ́, oníbàárà sì kó gbogbo ẹ̀ lọ. Ẹ̀gbọ́n mi ní oríire lásán ni. Mo ní kó gbé ayùn ẹ̀ lọ fi gé irùngbọ̀n.

Sọ fún ọ̀gá rẹ pé alágbẹ̀dẹ lè kú, àdá tó rọ ṣì ń gé igi. Kòkòrò ni mo pa, ohun ìjà wọn, purotéènì yẹn, ṣì wà nínú omi. Bí kò bá sí nínú ìwé yín, kí wọ́n wá bi mí.

Fi ìgò mẹ́ta ránṣẹ́, àti owó díẹ̀ tí n ó fi ra ìkòkò ńlá, torí sísè náà ni mo tún máa sè é. Má bá mi jiyàn.

Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ á máa jà fún ọ, kódà nígbà tó o bá ń sùn.

Èmi ni bàbá rẹ, tí ayùn ò lè dẹ́rù bà.