Àlùbọ́sà Tó Dá Bàbá Rẹ Padà Sídìí Oúnjẹ

Àkọ́bí mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ara ọkọ rẹ le, ṣé àwọn ọmọ ò yọ yín lẹ́nu? Ojú rere ni Ọlọ́run yóò máa fi wò yín. Ara ti tù wá nílé báyìí, ìdí nìyẹn tí mo fi tètè mú bírò.

O mọ̀ pé látìgbà tí ibà ti dá bàbá rẹ dùbúlẹ̀ ni kò ti jẹun gidi mọ́. Tí mo bá gbé ìrẹsì síwájú rẹ̀, á ní bí iyẹ̀pẹ̀ ló ṣe rí lẹ́nu òun. Nọ́ọ̀sì tó ń wá wò ó ní tó bá fi di ọjọ́ Ẹtì tí kò jẹun, ọsibítù ni a ó gbé e lọ.

Àsìkò yẹn gan-an ni ewé àlùbọ́sà wẹẹrẹ tí o fi ránṣẹ́, èyí tí mo gbìn sẹ́yìn ilé ìdáná, bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, ó sì ń rọ. Mo gbé fóònù, mo lọ bá ọkùnrin inú fídíò tí o ní kó máa kọ́ mi bí a ṣe ń gbin àlùbọ́sà. Mo kúnlẹ̀ kí i, mo sì na fóònù sí ebè kó lè rí i dáadáa. Onísùúrù èèyàn ni, àmọ́ kì í dáhùn ìbéèrè. Àárọ̀ kùtù ni mo máa ń lọ, ẹ káàsán ló sì máa ń kí mi, mo ní bóyá oòrùn máa ń tètè yọ lọ́dọ̀ wọn. Ìyá aránṣọ àdúgbò wa ní ìró ilé tí mo ró ni kò jẹ́ kó kà mí sí, mo bá lọ wọ aṣọ ìjáde. Ohun tó sọ lánàá náà ló tún sọ.

Nígbà tí ewé dùbúlẹ̀ tán, mo ní ó ti kú, mo lọ hú u dànù. Àṣé ó gbó ni. Ẹyọ kan tí mo gbìn ti di méje, di mẹ́jọ, wọ́n fara mọ́ra bí ọmọ ìyá. Mo rẹ́ díẹ̀ wẹ́wẹ́, mo dín in lórí iná jẹ́jẹ́ títí ó fi pọ́n, mo fọ́ ẹyin méjì lé e. Kò tíì kúrò lórí iná tí mo fi gbọ́ ìró ọ̀pá bàbá rẹ. Ó bi mí pé kí ni mò ń fi pa mọ́ fún òun. Ó jẹ ẹ́ tán, ó fìka nu abọ́. Mo bọ́ sẹ́yìn ilé, mo sunkún díẹ̀, mo padà wọlé.

Nọ́ọ̀sì dé lọ́jọ́ Ẹtì, ó ní kò sí ibi tí bàbá rẹ ń lọ mọ́.

Jọ̀ọ́, fi owó òróró ránṣẹ́. Èyí tí mo rò pé yóò tó wa lóṣù kan, ọ̀sẹ̀ kan ni bàbá rẹ fi jẹ ẹ́ tán. Fi ti ẹyin náà kún un tó bá rọrùn. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ yóò máa bí sí i, o ò ní fọwọ́ òfo wọlé.

Bàbá rẹ náà ì bá kí ọ, oúnjẹ ló wà lẹ́nu rẹ̀.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.