Ẹni Tó Jókòó fún Àwòrán Olóòtú

Ọjọ́ Ajé, 3 oṣù Kẹta, 2025
Débọ̀ gbé ìwé kẹfà Abìyẹ́ dé ọ́fíìsì wa ní Yaba. Abìyẹ́ ni akọni inú ìwé àwòrán wa, tó ń fò lókè Surulere. Débọ̀ ń yàwòrán, èmi ń kọ ọ̀rọ̀ sí àwọn èèyàn inú rẹ̀ lẹ́nu. Ìgbà tí mo bá kọ ọ̀rọ̀ sí i ni ojú ìwé kan tó máa ń parí.

Nínú ìwé yìí, olóòtú ìwé ìròyìn máa kú — ẹni tó ń bú Abìyẹ́ ní gbangba, tó ń bo àṣírí rẹ̀ ní kọ̀rọ̀.

Mo ní kò ṣeé ṣe. Ojú Àgbà ni Débọ̀ fi ya olóòtú yẹn. Àgbà, ìyẹn Bàbá Ìbíkúnlé, olóòtú tó ti fẹ̀yìn tì sí Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó. Òun ló gbà mí sílé nígbà tí mo ti abúlé dé. Èmi fúnra mi ni mo bẹ̀ ẹ́ pé kó wá jókòó kí Débọ̀ yà á.

Ọjọ́bọ̀, 6
Ìwé kẹrin: wọ́n ṣẹ́ olóòtú lápá òsì. Lọ́sẹ̀ yẹn, Àgbà ṣubú ní balùwẹ̀. Apá òsì. Ìwé karùn-ún: èéfín bo olóòtú lójú. Látìgbà náà, ojú Àgbà ń ṣú.

Mo sọ fún Débọ̀. Ó rẹ́rìn-ín. "Ará oko! Ọjọ́ orí ló ń ṣe bàbá yẹn, kì í ṣe pẹ́ńsù mi." Ó ti ń ya olóòtú tó di àyà mú.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8
Wọ́n gbé Àgbà lọ sí ilé ìwòsàn ní Ìdí-Àràbà. Àyà.

Ọjọ́ Àìkú, 9
Mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ fún un lórí bẹ́ẹ̀dì. Kò bínú. "Kí ni mo sọ nínú ìwé yín kí n tó kú?"
Mo ní mi ò tíì kọ nǹkan kan, sà.
"Má jẹ́ kó gùn o. Ta ló fẹ́ olóòtú tó ń wàásù?"
Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́. Nọ́ọ̀sì lé mi jáde.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11
Mo ní kí Débọ̀ pa ojú Àgbà rẹ́. Ó ní Òkìkíọlá ọ̀gá wa fẹ́ gba iṣẹ́ lọ́jọ́ Ẹtì, olóòtú gbọ́dọ̀ kú. "Ojú ta wá ni kí n yà? Tìẹ?"

Mo fa àga. Mo jókòó.

Ẹ̀rín kú lẹ́nu rẹ̀. Ó yà mí fún wákàtí méjì.

Ọjọ́rú, 12
Àgbà mu ẹ̀kọ. Ó ka ìwé ìròyìn láìlo awò.

Ọjọ́ Ẹtì, 14
Àwòrán ti tán. Èmi nìyẹn, mo nà gbalaja lórí tábìlì olóòtú, ẹnu mi là. Àyè ọ̀rọ̀ tó wà lókè orí mi ṣófo.

Látìgbà tí mo jí, ohùn mi ò jáde. Àgbà pè lórí fóònù. "Ọmọ mi, wọ́n ti dá mi sílẹ̀! Ṣé ò ń gbọ́ mi?" Mo ń gbọ́. Ó sọ̀rọ̀ títí, ó sú u, ó gé e.

Débọ̀ ò pè mí lárá oko mọ́. Ó ní, "Jọ̀ọ́, kọ nǹkan kan síbẹ̀, kó o lè sọ̀rọ̀." Tí mo bá kọ ọ́, ojú ìwé ti parí nìyẹn, èmi náà sì ti parí. Ó ní bí ọwọ́ mi bá wúwo, òun á bá mi kọ ọ́. Ó na ọwọ́.

Mo gba ojú ìwé náà, mo jókòó lé e. Òkìkíọlá ti ń kan ilẹ̀kùn. Mi ò dìde.