Ìwé Jámánì Tí Mo Ń Kà fún Màmá

                                        Williamsville, Adjamé,
                                        Abidjan.
                                        Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù Kọkànlá, 2024.

Ẹ̀rínọlá, ọ̀rẹ́ tó di ọmọ ìyá,

Ṣé dáadáa lo wà? Ọkọ rẹ ńkọ́? Ọmọ náà ńkọ́, ṣé ó ti ń rìn? Wọ́n ní òtútù ti dé sí Bremen, mo sì mọ̀ pé ìwọ àti òtútù kò rẹ́. Ara tiwa le, a dúpẹ́. Ara Màmá rẹ náà le, ọ̀rọ̀ wọn gan-an ló jẹ́ kí n mú gègé.

Ṣé o rántí ìwé ìtàn àràmàǹdà lédè Jámánì tí olùkọ́ Jámánì wa yá wa ní lìsé, ilé ẹ̀kọ́ girama wa, èyí tí ọmọbìnrin kan fi ilé sílẹ̀, tí ìyá àgbà kan ń fi ọkọ̀ ojú omi gbé e kọjá òkun ìkùukùu? A kà á títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi já. A mọ̀ pé èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n kọ́kọ́ fi kọ ọ́, àmọ́ Gẹ̀ẹ́sì mélòó la gbọ́ nígbà náà? Nígbà tí olùkọ́ ń lọ, ọwọ́ wa ló fi í sí. Nígbà tí ìwọ náà ń lọ, ọwọ́ mi lo fi í sí.

Lóṣù tó kọjá, bí mo ṣe ń ti ibi iṣẹ́ mi ní pápákọ̀ òfurufú Port-Bouët bọ̀, mo yà sí ọjà Treichville láti ra aṣọ. Àárín àwọn àlòkù ìwé ni mo ti rí i, ìwé wa gan-an, ní Gẹ̀ẹ́sì. Iṣẹ́ mi ti jẹ́ kí èdè náà yọ̀ mọ́ mi lẹ́nu, ni mo bá ń kà á nínú takisí wòrò-wòrò títí dé ilé. Ó dùn, Ẹ̀rínọlá. Ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ń sáré bí ẹni tí kò ru ẹrù. Ti Jámánì ń rọra rìn, ó ń wo ọ̀tún, ó ń wo òsì.

Ṣùgbọ́n ibì kan ni mo ń wá: ibi tí ìjì ti jà, tí ọmọ náà fi *Sie*, ẹ̀yin tiwọn, sílẹ̀, tó pe ìyá náà ní *du*, ìwọ, fún ìgbà àkọ́kọ́. Ibẹ̀ lo ti sunkún ní kíláàsì. Mi ò rí i. Àwọn òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì kò ya ìwọ sọ́tọ̀ kúrò lára ẹ̀yin, ọ̀kan náà ni wọ́n fi ń pe àgbà, ọmọdé àti ewúrẹ́. Ẹni tó tú u sí Jámánì ló fi ẹkún náà síbẹ̀ fún wa. Mo tẹ́ ìwé méjèèjì sórí ibùsùn, àárò rẹ sì sọ mí gidi, nítorí kò sí ẹlòmíràn tí mo lè sọ ọ́ fún kó yé e.

Ni mo bá gbé wọn lọ sọ́dọ̀ Màmá. O mọ̀ pé láti ìgbà ìsìnkú Bàbá rẹ, tí ọ̀rọ̀ ìwé àṣẹ ìgbélùú kò jẹ́ kí o lè wá, wọn kì í gba fóònù lọ́wọ́ mi láti bá ọ sọ̀rọ̀ mọ́. Kí n ṣáà bá wọn kí ọ ni wọ́n máa ń wí. Mo sọ fún wọn pé ìwé tí o fẹ́ràn nìyí. Bí a bá ti jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo ń ka ti Jámánì, mo ń tú u sí Yorùbá bí mo ṣe ń kà á. Nígbà tí mo dé ibi ìjì, mo ní ọmọ náà pe ìyá ní ìwọ. Màmá gbé ọwọ́ sókè.

“Àgbàlagbà tó gbà á lọ́wọ́ ikú, ìwọ ló fẹ́ máa pè é?”

Mo ṣàlàyé pé bí ìfẹ́ ṣe ń hàn lọ́dọ̀ àwọn Jámánì nìyẹn. Wọ́n rò ó díẹ̀.

“Lọ́dọ̀ tiwa, ẹ̀yin náà ni yóò máa wí. Ṣùgbọ́n kó pè é ní ìyá mi.”

Mo tún un kà bẹ́ẹ̀. Kò sí nínú Gẹ̀ẹ́sì, kò sí nínú Jámánì, ó sì bá a mu rẹ́gí. Màmá ń fa etí ìró wọn. Wọ́n wá bi mí bí àgbà kankan bá wà lọ́hùn-ún tí o ń pè bẹ́ẹ̀. Mo ní mi ò mọ̀. Wọ́n bi mí bí o bá ṣì ń ka irú ìwé yìí. Mo tún ní mi ò mọ̀. Ọ̀rọ̀ wa lórí fóònù ti kúrú jù, ọ̀rẹ́ mi.

Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, ó ku orí kan péré. Bí mo ṣe ṣí i, Màmá fi ọwọ́ bo ojú ìwé. Wọ́n béèrè bóyá ọmọ náà padà délé, àmọ́ kí n tó lanu, wọ́n ní kí n má sọ.

“Ẹ̀rínọlá ni yóò ka èyí tó kù fún mi. Sọ fún un kó pè. Èmi fúnra mi ni màá gbé fóònù náà.”

Mo ti ya àwòrán àwọn ojú ìwé náà, mo sì ti fi wọ́n ránṣẹ́ sórí fóònù rẹ. Bá mi kí ọkọ rẹ, fi ẹnu ko ọmọ lẹ́nu. Placide ọkọ mi kí ọ. Nimotou tó ń dín ọ̀gẹ̀dẹ̀ àlókò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé yín ní kí n má gbàgbé òun. Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ni Màmá ń retí rẹ. Láti àná ni wọ́n ti ń bi mí bí ọ̀sán tiwa àti tiyín bá jọ ń bọ́ sí àkókò kan náà.

Èmi ni, ẹni tí àárò rẹ ń sọ,
Jocelyne