Òṣùpá Àbújá Kò Tíì Kún

Ìsàn-Èkìtì,
Oṣù Ọ̀wàrà, 2003.

Felicia, Àjọkẹ́ mi,

Ṣé ara le, ṣé iṣẹ́ ń lọ déédéé? Àwa náà ń mí, ọpẹ́ ni. Olúwa tó gbé ọ dé Àbújá kò ní gbàgbé ọ síbẹ̀. Iṣu tí a wa lọ́dún yìí kò ju apá ọmọdé lọ, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ òṣùpá ni mo tìtorí rẹ̀ kọ̀wé.

Tíṣà Ajíbádé tó ń kọ́ Tèmítáyọ̀ ọmọ rẹ ti kó òṣùpá wọ inú gbogbo ẹ̀kọ́ wọn. Ní sáyẹ́ǹsì, òṣùpá. Ní ìṣirò, òṣùpá. Ní àwòrán, òun náà ni. Mo rò pé bóyá ìjọba ò rówó ra ìwé mìíràn fún wọn ni.

O mọ̀ pé nígbà tí ò ń lọ, o sọ fún ọmọ yìí pé bí òṣùpá bá ti kún, wàá dé. Ó kún, o ò dé, ọmọ ń sunkún, ni mo bá sọ fún un pé ti Àbújá kò tíì kún, pé iná mànàmáná ibẹ̀ kì í jẹ́ kó tètè dàgbà, bí àgbàdo abẹ́ igi. Èmi alára gbà á gbọ́, nítorí mo mọ̀ pé ọmọ mi kì í purọ́.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, tíṣà kọ́ wọn pé òṣùpá kan ṣoṣo ló wà fún gbogbo ayé. Ọmọ délé, kò jẹun. Ó gbé kàlẹ́ńdà ṣọ́ọ̀ṣì ti èṣí àti tọdún yìí sílẹ̀, ó ka iye ìgbà tí òṣùpá ti kún láti ìgbà tí o ti lọ, ó jẹ́ mẹ́rìnlá. Ó fi ṣe iṣẹ́ ìṣirò rẹ̀, tíṣà sì fún un ní gbogbo máàkì. Mo lọ bẹ tíṣà kó dín in kù sí mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ó ní ìṣirò kì í gba ẹ̀bẹ̀.

Felicia, ṣé òótọ́ ni pé èyí tí mò ń rí níbí náà ni ìwọ ń rí? Bó bá jẹ́ òótọ́, ó dùn mí sí ọ gan-an.

Lánàá ni wọ́n pe àwa òbí wá wo òṣùpá tí àwọn ọmọ yà. Wọ́n ti ní kí oníkálukú kọ orúkọ ìyá rẹ̀ sábẹ́ tirẹ̀. Mo wá ti Tèmítáyọ̀, orúkọ mi ni mo bá níbẹ̀. Inú mi kọ́kọ́ dùn pé mo wà lára ògiri iléèwé. Nígbà tó yé mi, mo ní kí tíṣà pa á rẹ́. Ó ní bírò ni, kò ṣeé pa rẹ́, àfi kí ìyá ọmọ wá fúnra rẹ̀.

Owó oògùn orúnkún tí mo máa ń bèèrè, má fi ránṣẹ́ mọ́. Fi wọ mọ́tò. Ọ̀nà á là fún ọ, o ò ní rìn lọ́jọ́ tí ebi ń pa ọ̀nà.

Èmi Àwẹ̀ró,
ìyá tìrẹ nìkan.