Ìwé Àwọn Alángbá Ayé Àtijọ́ Wà Lórí Tábìlì

Bàbá Níkẹ́,

Mo ti bá ọkọ̀ àárọ̀ lọ sí Òde-Omi, sọ́dọ̀ ìyá mi.

Lánàá, ẹ sọ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ yín pé ẹ̀yin fúnra yín lẹ ka ìwé òyìnbó nípa àwọn alángbá ayé àtijọ́ tó ga ju ilé lọ, tí egungun wọn ti di òkúta. Èmi ni mò ń túmọ̀ rẹ̀ fún yín, torí Yorùbá nìkan lẹ lè kà. Nígbà tí mo fẹ́ dá sí i, ẹ ní kí n lọ wo ọbẹ̀ lórí iná.

Ọbẹ̀ ti jinná. Wọ́n ń bọ̀ lọ́sàn-án yìí láti gbọ́ ohun tó pa àwọn alángbá náà run. Mo ti ṣí ìwé sí ojú ewé ibẹ̀. Ẹ kà á fún wọn.

Ìyá Níkẹ́