Ibùsùn Tó Bo Páìpù Èéfín

Àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Ẹ̀gbọ́n wa àgbà sọ pé ọkọ̀ ojú omi onígbòkun tí àwọn fọwọ́ ara àwọn tún ṣe, tí wọ́n ń gbé inú ẹ̀, kò lè ṣàìsàn láéláé. Mo kí ìyàwó wa àtàwọn ọmọ. Orúnkún mi ti fúyẹ́ díẹ̀.

Ọkọ̀ ọ̀hún ti ń wúkọ́. Páìpù tó ń gbé èéfín ẹ́ńjìnnì síta ti luhò, èéfín sì ń wọ yàrá tí wọ́n ń sùn sí. Ibùsùn tí àwọn fúnra wọn kàn pa mọ́ orí páìpù náà kò jẹ́ kí mẹkáníìkì rí i tún ṣe.

Mẹkáníìkì ní, “Bàbá, ayùn la máa fi gé ibùsùn yìí.”

Ẹ̀gbọ́n wa ní, “Èmi ni kó o kọ́kọ́ gé!”

Inú èéfín yẹn ni wọ́n ṣì ń sùn, èéfín ò sì mọ àgbà. Jọ̀ọ́, pè wọ́n kí wọ́n jẹ́ kí wọ́n gé ibùsùn náà, tìẹ ni wọ́n ń gbọ́. Ọlọ́run á dá gbogbo wa sí. Àmọ́ nígbà tí wọ́n ń kan ibùsùn yẹn pa, ibo ni wọ́n rò pé ọwọ́ ẹni tó bá fẹ́ tún páìpù ṣe máa gbà wọlé?