Kànga Tí Mo Gbẹ́ fún Màmá

Ẹ̀gbọ́n mi Kòfowórọlá,

Ẹ kú òtútù ìlú òyìnbó. Mo kí ọkọ yín àti àwọn ọmọ. Ilé tí ẹ kọ́ fún Màmá ní Àpáta ti parí, ṣùgbọ́n táífọ́ọ̀dù dá Màmá dùbúlẹ̀ sí ọsibítù.

Ẹ̀bi mi ni. Àwa onílé mẹ́jọ ò fẹ́ dáwó fa páìpù omi láti títì, kálukú gbẹ́ kànga tirẹ̀. Owó kànga wa ju ti páìpù lọ. Ẹsẹ̀ bàtà méjìlá péré ló wà láàárín tiwa àti sọ́kàwéè ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ará ẹ̀yìnkùlé. Mo mọ̀, mo ní iyẹ̀pẹ̀ á sẹ́ omi rẹ̀ mọ́.

Ọlọ́run á ṣọ́ yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ fún Màmá, ẹnu mi ò gbà á. Lánàá, wọ́n súre fún yín títí, wọ́n ní kí n bu omi kànga ilé tí ọmọ àwọn kọ́ wá fún àwọn mu.

Àbúrò yín,
Akíndúró